Domenico Cotugno, oníṣègùn tó tọpa iṣan ńlá ìdí àti itan: ohun tó yẹ kí ẹ̀yin òbí ní Bouaké mọ̀

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá tó ń ka abala yìí láti Bouaké, Ítálì ni ìtàn òní ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé yín ló ń bọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ibà mú ọmọ yín tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Ara rẹ̀ gbóná, ó ń bì, kò fẹ́ jẹun. Ẹnì kan wà ní àdúgbò, bóyá ní Koko tàbí ní Dar-es-Salam, tó máa ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́ nínú ilé. Ẹ pè é, ó gún ọmọ ní ìdí. Ọmọ ké tòò, ibà sì lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀tún ọmọ ń wọ́ nílẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ ń ha ilẹ̀, kò lè gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè mọ́. Màmá àgbà ní iṣẹ́ ọwọ́ ayé ni. Ará ilé kejì ní rọpárọsẹ̀ ni. Ẹlòmíràn ní kí ẹ gbé omi kaná, kí ẹ fi jó ẹsẹ̀ náà.

Ẹ fara balẹ̀ ná. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn abẹ́rẹ́ ìdí ni ẹsẹ̀ kan ṣoṣo rọ lójijì, ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ rò ni pé abẹ́rẹ́ náà ti kan iṣan ńlá kan tó gba inú ìdí kọjá, tàbí kí oògùn inú rẹ̀ ti dà sí ẹ̀gbẹ́ iṣan náà. Iṣan tí à ń wí yìí kì í ṣe iṣan ẹ̀jẹ̀. Iṣan ìmọ̀lára ni, okùn tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ lọ fún ẹsẹ̀, tó sì ń gbé ìròyìn ẹsẹ̀ padà fún ọpọlọ. Sciatic ni wọ́n ń pè é. Ní CHU Bouaké, ẹ ó gbọ́ tí àwọn dókítà ń pè é ní nerf sciatique.

Ẹni tó jókòó ti àìsàn iṣan yìí, tó kọ odindi ìwé láti fi yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìrora egungun, ti kú láti igba ọdún ó lé. Domenico Cotugno ni orúkọ rẹ̀. Ìtàn rẹ̀ máa jẹ́ kí ẹ lóye ohun tó ń ṣe ẹsẹ̀ ọmọ yín ju kí n kàn to àmì àìsàn fún yín lọ.

Ọjọ́ 29, oṣù Kìíní, ọdún 1736 ni wọ́n bí i ní Ruvo di Puglia, ìlú kékeré kan ní gúúsù Ítálì. Kò sí owó nílé wọn. Ní Molfetta, tí kò jìnnà síbẹ̀, ló ti kàwé, kó tó gba Naples lọ, ìlú ọba, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìlú tó tóbi jù lọ ní Yúróòpù nígbà náà. Ó di olùrànlọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn kan tí wọ́n ń pè ní Ospedale degli Incurabili. Ìtumọ̀ orúkọ yẹn ni ilé ìwòsàn àwọn tí àìsàn wọn kò gbóògùn. Èmi ò mọ ẹni tó máa fẹ́ gbé èèyàn rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn tó ń jẹ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí bí àìsàn ṣe ń ṣe ara, kò sí ibi tó dára tó o. Àwọn aláìsàn wà níbẹ̀ tó ń jẹ̀rora fún ọdún pípẹ́. Nígbà tí wọ́n bá kú, ó ṣeé ṣe láti la ara wọn wò, kí wọ́n mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ní 1756, nígbà tó di ọmọ 20 ọdún, ó gba oyè oníṣègùn ní Salerno. Ní 1761, ó tẹ ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde, lórí inú etí. Ó fi hàn níbẹ̀ pé omi ló kún inú etí lọ́hùn-ún, kì í ṣe atẹ́gùn bí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń sọ ọ́ bọ̀ láti ayé àtijọ́. Ìwé yẹn nìkan ti tó láti sọ ọ́ di olókìkí. Ṣùgbọ́n ti ẹsẹ̀ ló kàn wá lónìí.

Ọdún 1764 ni ìwé ẹsẹ̀ jáde ní Naples. Èdè Látìn ló fi kọ ọ́, bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ń ṣe nígbà náà, orúkọ rẹ̀ sì ni De ischiade nervosa commentarius. Ọmọ ọdún 28 ni. Kó tó di ìgbà náà, ẹnikẹ́ni tí ìbàdí bá ń dùn, orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe àìsàn rẹ̀. Ẹni tí oríkèé ìbàdí rẹ̀ ti gbó, ẹni tí oríkèé rẹ̀ ti yẹ̀, ẹni tí ìrora ń sáré gba itan rẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n kó sínú àpò kan. Orúkọ náà ti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún ìbàdí wá, kò sọ ju ibi tó ń dunni lọ.

Cotugno kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó kíyè sí i pé ìrora àwọn kan kì í kúrò ní ìbàdí: bí wọ́n bá yí itan, á dùn wọ́n, bí wọ́n bá dúró jẹ́ẹ́, á fúyẹ́. Ti àwọn mìíràn ń rìn. Á bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìbàdí, á gba ẹ̀yìn itan sọ̀ kalẹ̀, á dé ihò ẹ̀yìn orúnkún, á yà sí ẹ̀gbẹ́ ìta ojúgun, á sì parí sí orí ẹsẹ̀. Tí ẹ bá ní kí aláìsàn fi ìka kan fa ojú ọ̀nà náà, ó máa fà á bí ẹni ń fa ìlà lórí àwòrán. Ó sì rí àwọn mìíràn tí tiwọn ń gba abẹ́lẹ̀ ikùn àti iwájú itan. Ó mọ̀ pé iṣan mìíràn ló ni ìyẹn. Ó wá fi ọ̀bẹ tọpa iṣan náà nínú òkú, ojú ọ̀nà tó rí sì bá èyí tí àwọn aláàyè ń fi ìka fà mu. Ó tún ṣàkíyèsí ohun kan tó yẹ kó dá yín dúró díẹ̀: tí àìsàn iṣan náà bá pẹ́ lára èèyàn, ẹsẹ̀ á máa gbẹ, agbára rẹ̀ á dín kù, èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí tiro.

Ẹ jẹ́ ká wá iṣan náà lára tiyín. Ẹ dìde dúró. Ní ẹ̀gbẹ́ ìta itan, níbi tí àpò ṣòkòtò máa ń wà, ẹ ó fọwọ́ kan egungun kan tó yọ síta. Orí egungun itan nìyẹn. Ẹ wá jókòó sórí àpótí tí kò ní tìmùtìmù. Egungun tí ẹ fi ń jókòó gan-an ni ìkejì. Àárín àwọn méjèèjì ni iṣan sciatic ń gbà kọjá lọ sí ẹ̀yìn itan. Gbòǹgbò márùn-ún láti ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn ló para pọ̀ di iṣan yìí. Ó nípọn tó àtàǹpàkò àgbàlagbà, kò sì sí iṣan ìmọ̀lára mìíràn nínú ara tó nípọn tó o. Bó bá ti sún mọ́ orúnkún, ó pín sí méjì. Ọ̀kan gba ẹ̀yìn ojúgun lọ sí àtẹ́lẹsẹ̀. Òun là ń lò láti fi tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ àti láti ká ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ìkejì yí ẹ̀gbẹ́ ìta orúnkún ká, ó sún mọ́ awọ ara pẹ́kípẹ́kí, òun ló sì ń gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè tí a bá ń rìn.

Àwọn okùn tó ń lọ sínú ẹ̀ka kejì yìí ló máa ń tètè farapa, kódà tó bá jẹ́ pé inú ìdí tàbí ìbàdí ni ìpalára ti ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àmì tí ẹ kọ́kọ́ máa rí fi jẹ́ pé iwájú ẹsẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, tí ọmọ ń gbé orúnkún ga bí àkùkọ tó ń rìn nínú koríko kí ìka ẹsẹ̀ má baà há. Tí ìpalára náà bá pọ̀, ẹsẹ̀ kò ní lè ká dáadáa ní orúnkún, àtẹ́lẹsẹ̀ àti ìta ojúgun á kú, tí ẹ bá fi ọwọ́ kàn án kò ní mọ̀. Ẹ̀gbẹ́ inú ojúgun máa ń yè, torí iṣan iwájú itan ló ni ibẹ̀. Ẹlòmíràn á ní ó ń jóni bí ata, ó ń ṣe yìnrìnyìnrìn, kódà aṣọ tó bá kàn án ń dùn ún.

Nínú ìwé 1764 yìí kan náà, Cotugno sọ ohun méjì mìíràn tí ayé kò kíyè sí tó. Èkíní, àwọn tó ń la òkú nígbà náà máa ń gé orí rẹ̀ kọ́kọ́, omi tó yí ọpọlọ àti ọ̀rá inú ọ̀pá ẹ̀yìn ká á sì ti ṣàn lọ kí wọ́n tó wo inú. Òun gbé òkú dúró lóòró, ó fi orí sílẹ̀ lọ́rùn, ó ṣí ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, omi náà sì tú jáde. Omi yìí kan náà ni àwọn dókítà ń fà ní ẹ̀yìn ọmọ lónìí tí wọ́n bá ń wá àrùn yírùnyírùn. Ìkejì, ó gbé ìtọ̀ ọmọ ogun kan tí ara rẹ̀ wú ka iná, ìtọ̀ náà sì dì bí ẹyin funfun. Ẹ̀yin aláboyún tí wọ́n ń yẹ ìtọ̀ yín wò, ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ṣẹ̀ wá nìyẹn.

Ó ṣe àṣìṣe náà o. Ó rò pé omi tó wà nínú àpò iṣan ló ń bàjẹ́, tó ń ta iṣan lára, nítorí náà ó ń fi oògùn tó ń bó ara sí ìsàlẹ̀ orúnkún, níbi tí ẹ̀ka iṣan ti sún mọ́ awọ, kí omi burúkú náà lè gba ibẹ̀ jáde. Ìrora á wà lórí ìrora. Ó tó ọdún 1934 kí Mixter àti Barr, dókítà méjì ní Amẹ́ríkà, tó fi hàn pé ohun tó sábà ń ti gbòǹgbò iṣan náà ní ẹ̀yìn ni tìmùtìmù àárín egungun ẹ̀yìn tó bá yọ kúrò nípò. Ìyẹn ni ìrora ẹ̀yìn tó ń sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀, tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà mọ̀. Ti ọmọ tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ yàtọ̀: ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní nǹkan kan. Inú ìdí tàbí itan ni ìpalára wà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da méjèèjì pọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, torí ìtọ́jú wọn kì í ṣe ọ̀kan.

Abẹ́rẹ́ kò tíì sí láyé Cotugno. Ní 1820, ọdún méjì kó tó kú, Pelletier àti Caventou yọ kínínì jáde láti inú èèpo igi ní Paris. Ní 1853, Pravaz ní Faransé àti Wood ní Scotland gbé abẹ́rẹ́ oníhò jáde. Nǹkan méjì tó dára gan-an. Ìgbà tí wọ́n pàdé nínú ìdí àwọn ọmọ wa ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, nítorí kínínì máa ń ba iṣan ìmọ̀lára jẹ́ tó bá dà sí i lára, ìdí ọmọ tí ibà ti mú gbẹ kò sì ní ẹran tó lè bo iṣan náà. Ọmọ ń jà, ìyá ń dì í mú, abẹ́rẹ́ yẹ̀ díẹ̀, ó parí. Àwọn dókítà ọmọdé ní UCH Ìbàdàn ti kọ̀wé lórí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe kínínì nìkan o. Oògùn ìrora àti oògùn apakòkòrò kan lè ṣe é bákan náà.

Ẹ̀yin Anàgó tí ẹ wà ní Bouaké, ẹ mọ bí ó ṣe rọrùn tó láti rí ẹni tó máa gúnni. Oògùn wà nílẹ̀ ní ọjà, tí wọ́n ń pè ní pharmacie par terre, owó rẹ̀ kò tó ti ilé ìwòsàn, ẹni tó ń gún sì lè wá bá yín nínú ilé kí ẹ má baà ti ìsọ̀ yín pa. Mi ò dá yín lẹ́bi. Ìyá tó ń ta aṣọ láti àárọ̀ mọ ohun tí ọjọ́ kan láìta ọjà túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ibà kì í sábà nílò abẹ́rẹ́. Tí ọmọ bá lè gbé nǹkan mì, oògùn oníhóró tí wọ́n pa artemether àti lumefantrine pọ̀ sínú rẹ̀ ló yẹ ẹ́, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ ibà líle, tó ń gìrì, tí kò mọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe inú ilé. Artesunate ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n máa lò fún irú ibà bẹ́ẹ̀ dípò kínínì, fún àgbàlagbà láti 2006, fún ọmọdé láti 2011. Tí ọ̀nà bá jìn, nọ́ọ̀sì lè ki artesunate oníhóró bọ ihò ìdí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà kí wọ́n tó máa gbé e lọ.

Tó bá sì jẹ́ pé abẹ́rẹ́ náà pọn dandan, ẹ bi nọ́ọ̀sì pé ibo ló fẹ́ gún. Ìbínú kọ́. Fún ọmọ ọwọ́ àti ọmọ kékeré, iwájú itan ní ẹ̀gbẹ́ ìta ni ibi tó yẹ, níbi tí wọ́n ti ń gún àjẹsára gan-an. Iṣan sciatic kò sí níbẹ̀ rárá, ẹ̀yìn itan ló wà. Fún àgbàlagbà tí wọ́n fẹ́ gún ní ìdí, apá òkè ní ìta ni, kì í ṣe àárín, kì í ṣe ìsàlẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà tí iṣan yìí fi ń farapa, ẹ̀yin tó ń gun tásì alùpùpù káàkiri Bouaké mọ èyí tí mo fẹ́ sọ. Tí orúnkún bá fi agbára gbá nǹkan nígbà tí èèyàn jókòó, bí i nínú ìjàǹbá alùpùpù tàbí ọkọ̀, orí egungun itan lè yọ kúrò nínú ihò ìbàdí sí ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ibẹ̀ gan-an ni iṣan sciatic wà. Ẹsẹ̀ náà á kúrú, á ká díẹ̀, orúnkún á kọjú sí inú. Ẹ má fà á. Ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa fà á pẹ̀lú ariwo. Láàárín wákàtí mẹ́fà ló yẹ kí àwọn dókítà ti dá a padà sípò nílé ìwòsàn. Bó bá ti ń pẹ́ sí i ni ewu ń pọ̀ fún iṣan àti fún ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ orí egungun náà. Ọta ìbọn àti ọ̀bẹ nínú itan lè gé iṣan náà pátápátá. Bouaké kò nílò àlàyé lórí ìyẹn láti ìgbà ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002.

Èyí tó fúyẹ́ jù ni ti àwọn tó ń gba ojú títì rìn láti Èjìgbò dé Côte d'Ivoire, tí wọ́n jókòó nínú bọ́ọ̀sì kọjá Benin, Togo àti Ghana, pẹ̀lú pọ́ọ̀sì tó nípọn nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò. Pọ́ọ̀sì náà ń tẹ iṣan mọ́ egungun. Ẹ yọ ọ́ síta, ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbi tí bọ́ọ̀sì bá dúró, ẹ rìn díẹ̀. Ẹ̀yin tó ń tọ́jú arúgbó tó ti dùbúlẹ̀ pẹ́, ẹ máa yí i padà.

Kí lẹ ó wá ṣe tí ẹsẹ̀ ọmọ bá rọ lẹ́yìn abẹ́rẹ́? Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rọ lójijì, ohunkóhun tí ẹ rò pé ó fà á, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera gbọ́dọ̀ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì gba ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán wákàtí 24 láàárín wọn, kí ọjọ́ 14 tó pé. Rọpárọsẹ̀ ni wọ́n ń wá. Oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé kòkòrò rọpárọsẹ̀ ti inú igbó kò sí ní Áfíríkà mọ́, ṣùgbọ́n oríṣi kan tó ń jáde lára kòkòrò inú àjẹsára ṣì ń yọjú níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò bá gba àjẹsára. Ẹ má bínú tí wọ́n bá béèrè ìgbẹ́. Rọpárọsẹ̀ kì í pa ìmọ̀lára awọ ara. Ọmọ á mọ̀ tí ẹ bá rin ín ní ẹsẹ̀. Ti abẹ́rẹ́ sábà máa ń pa á, ó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tàbí láàárín wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ní ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n gún.

Ọ̀rọ̀ omi gbígbóná ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e kúrò lórí iná. Mo mọ̀ pé omi gbígbóná ni àwọn ìyá wa fi wẹ̀ wá, òun náà ni wọ́n fi jó ikùn ìyá ọlọ́mọ tuntun. Ẹsẹ̀ tó ti kú kò mọ̀ pé omi ti gbóná jù. Awọ á bó, ọmọ kò ní ké, ọgbẹ́ ibẹ̀ á sì pẹ́ kó tó san. Èyí tó dára ju omi lọ ni ọwọ́ yín. Lójoojúmọ́, ẹ di gìgísẹ̀ ọmọ mú, kí ẹ rọra ti iwájú ẹsẹ̀ sókè, ẹ dá a dúró díẹ̀, ẹ tún un ṣe, kí ẹran ẹ̀yìn ojúgun má baà súnkì tí ẹsẹ̀ á fi dúró bí ti ẹni tó ń yọ́ rìn. Àwọn tí wọ́n ń pè ní kiné ní Bouaké, tí a ń pè ní físíò nílé, á fi hàn yín bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n lè fún ọmọ ní bàtà pẹlẹbẹ tó gbé iwájú ẹsẹ̀ dúró. Ní alẹ́, ẹ tan iná, ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fún egbò, ẹ̀gún àti òkúta inú bàtà. Fún ìrora tó ń jóni, oògùn orí fífọ́ lásán kì í ràn án. Oògùn tirẹ̀ wà, dókítà ló máa kọ ọ́.

Ìbéèrè tí gbogbo òbí ń béèrè ni ìgbà tí ẹsẹ̀ máa padà. Tó bá jẹ́ pé ìbòrí iṣan nìkan ló farapa, ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan. Tí okùn inú rẹ̀ bá já, ó gbọ́dọ̀ hù padà láti ibi tó ti já, ó sì ń hù ní nǹkan bí mílímítà kan lóòjọ́. Ẹ ṣírò rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lóṣù, sẹ̀ǹtímítà 36 lọ́dún. Láti ìdí ọmọ ọdún mẹ́ta dé ẹran iwájú ojúgun rẹ̀, ọ̀rọ̀ nǹkan bí ọdún kan nìyẹn. Ti àgbàlagbà lè tó ìlọ́po méjì. Nítorí náà, tí wọ́n bá ní kí ẹ padà wá lóṣù mẹ́ta tí ẹ kò sì tíì rí ìyípadà, kò túmọ̀ sí pé iṣẹ́ kò lọ. Ṣùgbọ́n ẹ padà lọ lóòótọ́, nítorí láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni àwọn oníṣẹ́ abẹ ń pinnu bóyá wọ́n máa ṣí ibẹ̀ wò. Àwọn kan kì í padà tán. Fún irú wọn, wọ́n lè gbé iṣan ẹran kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ kúrò ní ipò rẹ̀ láti máa gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè, ọmọ á sì rìn.

Tó bá jẹ́ àgbàlagbà, tí ẹsẹ̀ méjèèjì rọ, tí kò lè tọ̀ tàbí tí ìtọ̀ ń dà lára rẹ̀, tí àárín itan rẹ̀ sì kú, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn nìyẹn. Kò gbọ́dọ̀ di ọ̀la.

Cotugno gba ipò ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀yà ara ní Naples ní 1766. Wọ́n túmọ̀ ìwé ẹsẹ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní London ní 1775. Ọmọ tálákà Ruvo di dókítà ọba. Ní 1794 ó fẹ́ Ippolita Ruffo, obìnrin ìdílé ọlọ́lá. Ó sì tún ṣe olórí yunifásítì Naples. Ọjọ́ 6, oṣù Kẹwàá, ọdún 1822 ló kú, ẹni ọdún 86. Fún ìgbà pípẹ́, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ìrora iṣan yìí. Ilé ìwòsàn kan ní Naples tó ń tọ́jú àrùn tó ń ranni ń jẹ́ Cotugno títí di òní, ayé sì gbọ́ nípa rẹ̀ gan-an nígbà kòrónà ní 2020.

Tí ẹ bá dé CHU, dókítà lè ní kí àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ ń dùn dùbúlẹ̀, kó wá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè ní nínà. Lasègue ni wọ́n ń pe àyẹ̀wò yẹn, lórúkọ dókítà Faransé kan tó wá lẹ́yìn Cotugno. Fún ti ọmọ, ìbéèrè ló máa pọ̀. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé: ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n gún abẹ́rẹ́, ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n gún, orúkọ oògùn, ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ rí i pé ẹsẹ̀ ń wọ́. Tí ìgò oògùn náà bá ṣì wà nínú pàǹtírí, ẹ ṣà á, kí ẹ mú un dání.